Sọ Fún Wọn Pé Owó Náà Pọ̀

Iná ò sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jọ gàrí tó máa gbé lọ sí ọjà Òkè-Ajé lọ́jọ́ kejì. Èmi wà nínú pálọ̀, mò ń sáré tẹ kọ̀ǹpútà tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kí bátìrì rẹ̀ tó kú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń wò mí. Níkẹyìn ó ní, "Kí lo ń kọ tí kò tán yìí?" Mo ní, "Ìwé tí mo fẹ́ fi wá sikọ́láṣíìpù ni, Màámi." Ó ní kí n kà á kí òun gbọ́.

Mo kà á, mò ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé inú ìdílé òtòṣì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, pé ìyá mi tó jẹ́ opó ló fi omijé àti gàrí títà tọ́ mi, pé ọ̀pọ̀ alẹ́ la fi ebi sùn. Mo tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi ebi, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù nínú ìwé náà.

Asẹ́ dúró.

"Ta ni òtòṣì?"

Mi ò fèsì.

"Mo ní ta ni òtòṣì? Ṣé èmi tí mo ti dé Mẹ́kà? Èmi tí ẹgbẹ́ mi kì í lọ sí Ojúde Ọba kí n má sí níbẹ̀, tí n kì í sì í wọ aṣọ èṣí lọ? Ọjọ́ wo lo fi ebi sùn nínú ilé mi? Dá ọjọ́ ẹ̀ sọ."

Mi ò rí ọjọ́ kankan dá. Kò sí. Ebi ẹlẹ́bi ni mo jí. Mo rí i nínú ìwé ẹnì kan tó ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí, tó wá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwa tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí nǹkan wò. Mo yọ orúkọ ìlú tirẹ̀ kúrò, mo fi Ìjẹ̀bú-Òde dípò. Opó tí mo pe ìyá mi àti gàrí tó ń tà nìkan ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀.

Commonwealth Shared Scholarship ni mò ń wá nígbà náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn yunifásítì wọn ló jọ ń san án fún ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth kan, tí Nàìjíríà wà lára wọn, tó fẹ́ kàwé gboyè másítà lọ́dọ̀ wọn. Lára ohun tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní lè dá owó ẹ̀kọ́ náà san. Èmi wá rò pé bí ẹkún mi bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n á ṣe gbà mí gbọ́ tó. Nígbà tí inú ìyá mi rọ̀ díẹ̀, ó béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ọdún kan ṣoṣo yẹn. Mo ṣírò pọ́n-ùn sí náírà fún un. Ó gbé asẹ́ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Gbogbo Òkè-Ajé, ta ló ní irú owó yẹn nílẹ̀? Sọ fún wọn pé owó náà pọ̀. Má sọ fún wọn pé mi ò ní."

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń kọ ìwé sikọ́láṣíìpù, látọ̀dọ̀ àwọn tó kàwé ju ìyá mi lọ fíìfíì. Mi ò tíì rí èyí tó dà bí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìgbéraga lásán ni. Ìjẹ̀bú ponbele ni, ọ̀rọ̀ owó kì í bá a lábo. Kó tó gbà kí n máa bá ìwé náà lọ, ó wádìí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yá owó lọ́jà. Èlé ńkọ́? Mo ní kò sí èlé. Ta ni onígbọ̀wọ́? Mo ní kò sí onígbọ̀wọ́, àfi àwọn olùkọ́ tó máa jẹ́rìí sí mi. Kí ni wọ́n á wá gbà lọ́wọ́ rẹ? Mo ní ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju kí n padà sílé nígbà tí mo bá kàwé tán.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ̀fà nìyẹn."

Kò ṣàwàdà. Lójú tirẹ̀, oríṣi owó méjì ló wà tí àlejò máa ń yáni: sogúndogójì, tí o máa san ní ìlọ́po méjì, àti ti ìwọ̀fà, tí o máa fi ara rẹ sìn lóko olówó títí o fi máa san án tán. Ó pẹ́ kó tó yé e pé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ní kí n padà sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tó yé e tán, ó ní, "Òyìnbó á fún ọ lówó kí o lè padà wá bá mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní èyí dáa, kí n máa kọ ọ́ lọ.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn nípa "ọ̀fẹ́". Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lára àwọn ọmọ tó jàǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn, Ìkẹ́nnẹ́ ò jìnnà sí wa. Ohun tí kì í sábà wọ inú ìtàn náà ni owó orí. Bàbá tó bí ìyá mi, tó ń ṣe oko kòkó, san èyí tí wọ́n fi kún un nítorí ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní ó sì ráhùn títí ó fi kú. Ìyá mi ní kò sí ọ̀fẹ́ tí ẹnì kan ò sanwó rẹ̀ níbì kan, àti pé bí o bá ti mọ ẹni tó san án, o ò ní máa kúnlẹ̀ tọrọ rẹ̀ bí alágbe. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, ilé ló jókòó sí tó fi kàwé gboyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1944 tó gba oyè náà ló tó wọkọ̀ lọ kọ́ òfin, wọ́n sì sọ ọ́ di lọ́yà ní 1946. Èmi ni mo sọ ti ìyẹn fún ìyá mi, kí n má ba jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo ní mo tún fẹ́ kọ ìwé fún fẹ́lóṣíìpù kan. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"O ti di onígbàgbọ́ nìyẹn?"

Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òbí ló ń rò bẹ́ẹ̀, torí kò sí fẹ́lóṣíìpù mìíràn ládùúgbò wa ju ti àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn tó ń fúnni ní owó gan-an ò ràn wá lọ́wọ́, ẹnu wọn ò kò lórí ohun tí ọ̀rọ̀ méjèèjì túmọ̀ sí. Bí mo ṣe ń là á fáwọn ọmọ tó ń gbé ìwé wọn wá bá mi báyìí ni pé sikọ́láṣíìpù máa ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ, fẹ́lóṣíìpù máa ń san owó fún ìwọ fúnra rẹ kí o lè ṣe iṣẹ́ kan, tàbí ìwádìí kan, tàbí kí wọ́n kọ́ ọ ní bí a ṣe ń darí nǹkan. Teach For Nigeria jẹ́ fẹ́lóṣíìpù: ọdún 2 lo máa fi kọ́ àwọn ọmọdé nílé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ò ti tó, wọ́n á sì máa sanwó fún ọ. Chevening, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní méjèèjì, sikọ́láṣíìpù fún másítà ọdún kan, fẹ́lóṣíìpù fún àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ wa ń dúró di ìgbà tí wọ́n bá gboyè tán. Ọmọ yunifásítì Ago-Ìwòyè kan wá bá mi ní ọdún tó lò kẹ́yìn, máàkì rẹ̀ dára púpọ̀, kò sì tíì gbọ́ rí pé àjọ MTN Foundation ń fún àwọn ọmọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lówó nílé ẹ̀kọ́ ìjọba nígbà tí wọ́n bá wà ní 300 level, bí CGPA wọn, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì wọn, bá ti tó 3.5. Tirẹ̀ ti kọjá. Ti Agbami, tí àwọn iléeṣẹ́ epo ń fún àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn àti iṣẹ́ ẹnjiníà, tètè ń wá ju ìyẹn lọ, àwọn tó ṣì wà níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn ló wà fún. Bí o bá dé 400 level kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan, ọjà ti tú.

Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn pọ̀, kọ́kọ́rọ́ wọn ò sì jọra. Chevening ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún 2, ìyẹn wákàtí 2,800, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó o bá ṣe fáwọn èèyàn sì lè wà nínú rẹ̀. Erasmus Mundus, ti ilẹ̀ Yúróòpù, máa ń gbé ọ gba orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán, ọ̀pọ̀ nínú ètò rẹ̀ ni kò sì béèrè iṣẹ́. PTDF, ti ìjọba Nàìjíríà, wà fún ohun tó jẹ mọ́ epo àti gáàsì, DAAD wà fún ẹni tó fẹ́ kàwé ní Jámánì. Àwọn tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń sanwó fún wọn, wọ́n á máa kọ́ àwọn ọmọ tàbí kí wọ́n máa ṣe ìwádìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ti NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, yàtọ̀, kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹ̀yáwó ni. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Kò ní èlé. Wọ́n máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá fẹ́ tún lè gba 20,000 náírà lóṣooṣù fún ìjẹun àti ọkọ̀. Ọdún 2 lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni wọ́n á tó máa gbà á padà, bí o bá ti rí iṣẹ́. Àwọn ọmọ yunifásítì Ago-Ìwòyè àti ti Ìjagùn lè gbà á, àwọn ọmọ Babcock ní Ìlíṣàn ò lè gbà á, torí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, ó ní gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, ìbá à má bímọ. Èmi fara mọ́ ọn ní ìdajì: bí owó ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ lé ọmọ kúrò ní kíláàsì, kó gbà á kíá. Ti 20,000 oṣooṣù yẹn, kó kọ́kọ́ ro ó dáadáa.

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ: ká tó rí owó ọ̀fẹ́ gbà, a ti ná owó. Páásípọ́ọ̀tù, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì (bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yunifásítì kan máa ń gba èsì WAEC dípò rẹ̀), ìwé máàkì. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti jáde, tí mi ò ní dárúkọ, mo san owó ìwé máàkì níbẹ̀, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní fáìlì mi ò sí. Ìgbà kẹrin, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ló fi ọwọ́ tọ́ka sí i, abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni wọ́n fi í sí kí tábìlì má ba máa mì.

Olùkọ́ tó yẹ kó jẹ́rìí sí mi ní kí n kọ ọ́ wá, òun á fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ẹnu olùkọ́ rẹ̀ yin ara rẹ̀? Mo jókòó ti ìwé yẹn láàárọ̀ títí di ọ̀sán, gbogbo ohun tí mo kọ ò ju pé "ó máa ń wá sí kíláàsì déédéé." Níkẹyìn mo padà lọ bẹ olùkọ́ mìíràn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó bá wa ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́. Ó kọ ìwé náà fúnra rẹ̀, ó sì ti gbé e ránṣẹ́ sí wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Èésú ìyá mi ló gbé owó gbogbo ìyẹn. Ipò kẹfà ló wà, ó wá bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun kó o ṣáájú, wọ́n sì gbà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn kì í jẹ́ kí òtòṣì kó èésú ṣáájú, ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó máa dá a pé ni wọ́n ń gbé e fún. Bí mo ṣe dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń ka owó, ojú tì mí fún ohun tí mo ti kọ́kọ́ kọ.

Mo pa ìwé náà rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ látinú imú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, imú. Bí ẹ bá ṣí àpò gàrí fún ìyá mi, á rún díẹ̀ lọ́wọ́, á gbé e símú, á sọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ náà lò nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Gàrí Ìjẹ̀bú ò dédé kan. Ọjọ́ 3 sí 5 ló yẹ kí ẹ̀gẹ́ tí a rọ fi wà nínú àpò, àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí kejì sì wà yàtọ̀ sí adùn. Ẹ̀gẹ́ tútù ní ohun kan nínú tó ń jẹ́ linamarin. Bí a bá rọ ẹ̀gẹ́, èròjà mìíràn tó wà nínú rẹ̀ á ráyè fara kan linamarin yẹn, á fọ́ ọ, májèlé sáyánáìdì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìgbà tí a fi jẹ́ kó kan, omi tí a fún kúrò, àti iná tí a fi yan án ló ń lé e lọ. Ẹni tó bá yan án lọ́jọ́ kejì torí ọjà ń pè é ti gé ọ̀nà yẹn kúrú. Ìyá mi ò gbọ́ orúkọ linamarin rí, àmọ́ kì í ra gàrí ọlọ́jọ́ kan, ó sì ń sọ ìdí rẹ̀ fáwọn oníbàárà rẹ̀: "Inú á run yín."

Ohun tí mo kọ nìyẹn. Mo ní mo fẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe lè fi irinṣẹ́ tí kò wọ́n wọn ohun tí imú rẹ̀ ń sọ, kí ẹni tí kò ní irú imú bẹ́ẹ̀ lè mọ gàrí tó dáa. Níbi tí wọ́n ti béèrè owó, gbólóhùn méjì péré ni mo kọ: iye tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́, àti iye tó ń wọlé fún wa lọ́dún. Mi ò fi omijé kún un.

Ẹ má rò pé ó rọrùn báyìí o. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi ìwé náà ránṣẹ́, wọn ò mú mi. Ọdún kejì ni wọ́n mú mi. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé gàrí ló ṣe é, àwọn tó kọ ìwé tó dára ju tèmi lọ ò sì rí i gbà. Nígbà tí lẹ́tà dé tí mò ń ka ohun tí wọ́n máa san fún ìyá mi, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, owó ilé ẹ̀kọ́, owó ìjẹun oṣooṣù, ó ń mi orí. Mo dé ibi owó ẹ̀wù òtútù, ó ní kí n tún un kà. "Wọ́n á fún ọ lówó torí pé ìlú wọn tutù?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé lọ sí Òkè-Ajé. Ó tó oṣù kan tí wọ́n fi ń bi í léèrè bóyá wọ́n ti ra ẹ̀wù náà.

Mo lọ, mo kà á, mo padà. Ní àárọ̀ Sátidé, mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá mi ní òpópónà Fọlágbadé, àwọn ọmọ máa ń gbé ìwé wọn wá. Mi ò gbowó. Mo ń sọ ìyẹn torí pé ọ̀kan nínú wọn ti fún ẹnì kan lówó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ mí, ẹni náà ní òun mọ èèyàn nínú Chevening tó máa bá a fi orúkọ sí i. Chevening ò gba owó fọ́ọ̀mù. Commonwealth náà ò gbà á. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí orúkọ yín lè jáde, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín nílẹ̀.

Sátidé tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá láti Ṣágámù. Ìwé rẹ̀ wà lórí fóònù. Mo ka ìlà àkọ́kọ́: inú ìdílé òtòṣì ni wọ́n bí òun sí, bàbá òun jẹ́ aláìmọ̀wé tí kò ní nǹkan kan. Mo bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó ní obì ni wọ́n ń tà, wọ́n ń kó o fáwọn Hausa ní Sábó.

"Kí ni wọ́n mọ̀ nípa obì?"

Ó ní kò yé òun, Àǹtí.

"Kí ni bàbá rẹ mọ̀ nípa obì tí èmi àti ìwọ ò mọ̀?"

Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní wọ́n máa ń ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n láì wò ó, wọ́n á mọ̀ bóyá ó ti ń gbóná jù lábẹ́ ewé. Ó ní wọ́n máa ń mú ẹyọ kan, wọ́n á fi èékánná tẹ ẹ́, wọ́n á ní kòkòrò ti wọ àwọn tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì da agbọ̀n náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ó ní òun kékeré lòun ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun ò tíì lè ṣe é dòní.

Mo fún un ní bírò. Ó ní ṣé kí òun kọ ọ́ bó ṣe rí yẹn, lédè Yorùbá? Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe wá sí i lẹ́nu, a jọ máa yí i sí Gẹ̀ẹ́sì bó bá yá, Tuesday ni gbígba ìwé náà máa parí.